Bàtà Orí Ẹní Alága

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún mi rèé ní ilé ìwé tí kò ní agogo. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, agogo ló ń sọ fún wa pé ebi ń pa wá. Níbí — rárá o. Ọmọ á wọlé, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà abẹ́lé, á lọ sí ìdí pẹpẹ, á mú iṣẹ́ tó bá wù ú, á tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀, ó di kó ṣe é títí ọkàn rẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀. Mọ́ńtẹ̀sọ́rì ni wọ́n ń pè é. Èmi olùkọ́ ńkọ́? Èmi á fi iṣẹ́ hàn án, màá yẹra, màá máa wòran. Ẹ̀gbọ́n mi ní irú iṣẹ́ tí òun náà ti ń wá láti kékeré nìyẹn.

Ọ̀gá wa — Ìyá Má-Dá-Sí-i ni mo ń pè é, inú ìwé yìí nìkan o — gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní. Ọmọ da omi sílẹ̀: ẹ má dá sí i. Ọmọ ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ìṣirò láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: ẹ má dá sí i. Ó ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, ọba tó wà lórí ìtẹ́ ni, ta ni yóò lọ gbọn ọba léjìká?

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi títí ó fi kan Alága.

Ọmọ ọdún méje ni. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, kò tíì mú iṣẹ́ kankan. Ó fa àga kan sí ẹ̀bá fèrèsé, ó sì jókòó bí ẹni tó ń retí kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pé kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ lórí itan. Kì í sunkún, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí." Àga. "Ó dàárọ̀, Àǹtí." Ilé.

Lónìí, bàbá rẹ̀ wá. Lọ́yà ni. Ọkùnrin gíga, ohùn kóòtù, bàtà dúdú tó ń dán tí èèyàn lè wò ó fi ya irun. Ó ní kí ni ọmọ òun ti kọ́? Mo ní ó ń kíyè sí nǹkan. Ó ní nǹkan bíi kí ni? Mo nawọ́ sí fèrèsé. Ó ní òun ò rán ọmọ níléèwé kó wá jókòó, àga wà nílé. Ó wá dá ọjọ́: Ọjọ́ Ẹtì, 24. Òun ń bọ̀ wá fi ojú òun rí iṣẹ́ tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ mú, láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Bí òun ò bá rí i, ó di ilé ìwé òdìkejì títì, níbi tí agogo wà.

Mo mọ ilé ìwé òdìkejì títì. Ibẹ̀ ni mo ti wá. Alága á jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé pé ẹnìkan wà lórí àga yẹn. N kò fẹ́. N kò mọ ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí wọ̀ mí lára tó báyìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Ọ̀wàrà

Mo bi Ìyá Má-Dá-Sí-i bóyá mo lè fa ọmọ náà díẹ̀. Ó ní a kì í fa ọmọ. Ó ní ká pàtẹ iṣẹ́ síwájú rẹ̀ bí ẹni pàtẹ ọjà, ká sì dákẹ́.

Ó dáa. Mo di ọlọ́jà. Mo tẹ́ ẹní síwájú Alága gan-an, mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún kalẹ̀, mo ń kà á, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n bí ìbejì fún un. Alága wò mí. Àánú mi wà lójú rẹ̀.

Kò rà.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Mo pàtẹ ìwọ̀n àti òkúta wẹ́wẹ́. Kò rà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀wàrà

Ìtìjú.

Mo pàtẹ àwòrán ayé, èyí tí wọ́n fi pákó gé, tí èèyàn máa ń to ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀. Mo tò ó, mo tú u, mo tún un tò. Nígbà tó yá mo gbàgbé pé Alága ni mo ń ṣe é fún. Erékùṣù kékeré kan wà tí kò gbà láti wọ ibi tó yẹ kó wọ̀ — mo bá a fà á títí oòrùn fi kan àtàrí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wá dúró tì mí. Agbófinró. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ó mọ òfin ara ògiri sórí ju ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ó ní àwọn mẹ́ta ti ń dúró de àwòrán ayé láti àárọ̀. Mo ní n kò tíì parí. Ó wo ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó lọ.

Òfin mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìkíní: bọ́ bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì: ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe òbí tàbí àlejò, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí. Ìkẹta: bí o bá fẹ́ bá ẹnìkan ṣiṣẹ́ lórí ẹní rẹ̀, tọrọ àyè, kí o sì fara mọ́ èsì tó bá fún ọ. Bàbá Alága ló bá ọ̀gá kọ ọ́. Gbogbo "ìbáà ṣe" yẹn, ẹnu lọ́yà nìkan ló lè ti jáde.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀gá wà lẹ́yìn mi, ó ń kọ̀wé. Ó fi hàn mí. "Olùkọ́ yìí ní ìfọkànsí tó jinlẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Ẹ̀gbọ́n mi ń ránṣọ, èmi ń bá a já òwú. Mo ròyìn ọ̀sẹ̀ fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ yé: olùkọ́ ń ṣeré nílẹ̀, ọmọ jókòó sórí àga ń wò ó? Ó ní ó dà bí ẹni pé ọmọ yẹn ni wọ́n gbà síṣẹ́. Mo bínú. Nígbà tó yá mo rẹ́rìn-ín.

Ó ní ohun tó bá wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú, ṣé mo ti bi í pé kí ló wù ú? Mo ní a kì í bi í, a máa ń dúró ni. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró o." Ó tẹ máṣíìnì.

Ọjọ́ Ajé, 13 Ọ̀wàrà

Ó DÌDE!

Láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Mo ń kọ́ àwọn méjì ní ìsọdipúpọ̀, mo gbójú sókè — àga ṣófo. Ó ti kọjá sí yàrá àwọn ọmọ kékeré. Mo yọ́ tẹ̀ lé e bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ó ń wo pẹpẹ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ti mọ ohun tó ń wá tipẹ́. Ó gbé àwo kan. Agolo pólíìṣì, búrọ́ọ̀ṣì méjì, àkísà, ìwé ìròyìn àtijọ́, omi díẹ̀ nínú abọ́.

Pólíìṣì bàtà. Iṣẹ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ni o. Kò kàn mí! Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa, ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń to bàtà sí, ó mú bàtà òsì Agbófinró, ó jókòó tì í.

Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jó. Nígbà tí mo jáde, Ìyá Má-Dá-Sí-i ń jáde láti inú èkejì. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ń mí hẹlẹ. A ò bá ara wa sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Ọmọ yìí kì í kánjú. Ó kọ́kọ́ tú okùn bàtà. Ó fọ okùn. Ó sá okùn. Ó mú igi tín-ín-rín, ó fi yọ ìdọ̀tí inú ihò okùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pólíìṣì òkè, ó pólíìṣì ẹ̀gbẹ́, ó dojú bàtà délẹ̀ — ó ń pólíìṣì àtẹ́lẹ̀! Èyí tí yóò tẹ ilẹ̀! Mo bu ètè mi jẹ.

Ìgbà tí ilé ìwé parí, iṣẹ́ ò tíì parí. Ó mú káàdì pupa tí a máa ń gbé lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, "Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́," ó gbé e lé bàtà. Agbófinró wo bàtà. Ó wo káàdì. Ó wo ògiri. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń ka òfin kejì. Agbófinró gbé orí sókè bí ọkùnrin, ó wọ bàtà ọ̀tún, ó wọ sálúbàtà sí òsì, ó ń tiro lọ.

Ìyá rẹ̀ bi í lẹ́nu géètì: bàtà rẹ kejì ńkọ́? Ó ní, "Ó ń lọ lọ́wọ́, Mọ́mì."

Ọjọ́rú, 15 Ọ̀wàrà

Ìyá Agbófinró wá jà. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé jà. Ó wọ sálúbàtà wa délé, tirẹ̀ ti wà lórí ẹní Alága.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọ̀wàrà

Bàtà òsì Agbófinró parí! Alága fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò wọ̀ ọ́. Ó ní ó ti dára jù fún ilẹ̀. Ó gbé e sínú àpò, ó tiro lọlé bó ṣe tiro lọ lánàá.

Bàbá Géètì, olùṣọ́ wa, ò dúró kí wọ́n wá mú bàtà tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Èyí tí Alága fún un padà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Ó ti tẹ́ páálí sẹ́nu géètì báyìí, orí rẹ̀ ló ń dúró sí. Igi gígùn ló fi ń ti géètì kó má baà kúrò lórí páálí. Àwọn ọkọ̀ ń fun fèrè.

Kíláàsì mi ńkọ́? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà rò pé mo lálàá. Gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fi bàtà ya ìlà sórí bébà onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, wọ́n ń ka àwọn igun mẹ́rin náà láti mọ bí àtẹ́lẹ̀ bàtà ọ̀gá ṣe fẹ̀ tó. Àwọn kan ń wá irú ẹranko tí wọ́n bó awọ rẹ̀ ṣe bàtà nínú ìwé. Ọmọ kan tí kì í ka nǹkan kan, tí mo ti bẹ̀ títí, dojú bolẹ̀ sórí ìwé ìròyìn tí Alága tẹ́ sábẹ́ bàtà, ó ń ka ìròyìn ìdìbò àtijọ́. Ó wá bi mí, "Àǹtí, ta ló padà wá wọlé?" Ojú ìwé tó kàn wà lábẹ́ bàtà mìíràn tí kò tíì parí. Ó ń dúró dè é. Ọmọ tó ń dúró de ìwé!

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Wọ́n rán ẹnìkan wá yẹ̀ wá wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Bàtà ọ̀gá wà lórí ẹní. Nínú sálúbàtà ọmọdé ló ti lọ pàdé àlejò, gìgísẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àlejò ní ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́? Ọ̀gá ní, "Bàtà." Kò fi nǹkan kan kún un. Àlejò kọ "bàtà," ó wò ó, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Òun náà bọ́ bàtà. Aláṣọ ni, kì í ṣe awọ, kò gba pólíìṣì. Alága gbé e, ó yí i wò, ó dá a padà sílẹ̀. Ó dun àlejò. Mo rí i lójú rẹ̀. Títí ó fi lọ ló ń wo bàtà àwọn yòókù.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ọ̀wàrà

Ìyá àgbà Alága wá mú un. Ìyá tó bí lọ́yà ni, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé. Mo sáré pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: Mà, ọmọ yín ti ń ṣiṣẹ́ o! Ó ní a dúpẹ́, iṣẹ́ wo? Mo nawọ́ sí ẹní.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ìyá. Ó ní, "Bàtà kẹ̀?" Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ohun tí ọmọ òun máa ń sọ fún ọmọ yìí ní gbogbo ìgbà tó bá ti bínú nìyẹn: bí o ò bá kàwé, bàtà àwọn tó kàwé lo máa nù. Ó wá ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kó wá bá a níbi tó ti ń nu bàtà? Ó ní, "Olùkọ́, ẹ ti ṣe wá."

Mo ní ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ bàtà? Ìyá wo ọmọ náà lórí ẹní. Ó ní bàbá rẹ̀ máa ń jáde kí ọmọ náà tó jí, á wọlé lẹ́yìn tó bá ti sùn. Bó bá ta jí lóru, bàtà ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà fi ń mọ̀ pé bàbá òun wà nílé.



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ọ̀wàrà

Mo ti ṣe nǹkan kan. Kí àwọn ọmọ tó dé, mo gbé àwo pólíìṣì pamọ́ sẹ́yìn àpótí ìwé nínú kíláàsì mi. Mo ní ọjọ́ díẹ̀ péré ni. Bí kò bá rí pólíìṣì, á mú nǹkan mìíràn — ìlẹ̀kẹ̀, àwòrán ayé, ohunkóhun tí lọ́yà lè fojú rí kí inú rẹ̀ dùn. Mo tilẹ̀ gbé àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó rẹwà jù sí ibi tí àwo náà ti wà.

Alága dé ibẹ̀. Ó dúró. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó padà sórí àga.

Ọjọ́rú, 22 Ọ̀wàrà

Àga. Bàtà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú káàdì pupa lórí wọn, kò sẹ́ni tó lè mú tirẹ̀. Gbogbo ilé ìwé ń wọ sálúbàtà lọ, ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Àwọn tó ń wọn àtẹ́lẹ̀ bàtà ti fi bébà wọn sílẹ̀. Ọmọ oníwèé ìròyìn ń wo òkè àjà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa iná yìí.

Mo gbé àwo jáde ní ọ̀sán. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo ní, èmi ni mo gbé e pamọ́, ẹ̀rù ló bà mí, má bínú sí mi. Mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, mi ò pè é ní Alága. Ó ní, "Ó dáa, Àǹtí." Kò fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ọ̀wàrà

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Mo ti ń ronú ibi tí màá kó ẹrù mi gbà. Ó ní, "Ẹ ti dá sí i." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ẹ jókòó." Mo jókòó. Òun náà jókòó. A jókòó títí wọ́n fi wá ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ọ̀wàrà

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́.

Lọ́yà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Aṣọ kóòtù, báàgì ìwé ẹjọ́. Ó bọ́ bàtà dúdú yẹn lẹ́nu ọ̀nà — ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yọjú síta ó ń kí wa. Àwọn ọmọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, Agbófinró fojú pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́yà jókòó sórí àga àlejò. Alága wà lórí tirẹ̀ ní ẹ̀bá fèrèsé. Bàbá ń wo ọmọ, ọmọ ń wo bàbá. Ọwọ́ àwọn méjèèjì lórí itan. Ìjókòó kan náà! Mo kú, mo jí. Ó pẹ́ títí, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ń gbàdúrà lábẹ́ ètè, mo gbọ́ ọ.

Lọ́yà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti rí ohun tí mo wá wò." Ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Alága ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. N kò rí ìgbà tó dìde. Ó ti tẹ́ ẹní, ó ti kó bàtà bàbá rẹ̀ méjèèjì sórí rẹ̀, ó ti jókòó.

Bàbá ní kó gbé bàtà òun wá, òun ń lọ sí kóòtù. Agbófinró dìde, ó nawọ́ sí ògiri, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin kejì." Lọ́yà kà á. Mo rí i níbi tó ti dé "ìbáà ṣe òbí." Ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń wá ibi tí òfin náà ti jò, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi dí i pa. Ó ní, "Òfin sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èyí ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Alága fa okùn bàtà yọ.

Agbófinró ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀, sà."

Lọ́yà wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo òkè àjà. Lọ́yà kọjú sí mi. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ tó! Mo pa ẹnu mọ́. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ fóònù. Mo gbọ́ tó ní kí wọ́n bá òun bẹ adájọ́, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, nǹkan kan ti dá òun dúró. Wọ́n ní nǹkan wo? Ó wo ẹní. Ó ní, "Bàtà mi wà lábẹ́ òfin." Ó padà wá jókòó.

Ó jókòó títí ilé ìwé fi parí. Nígbà tó yá ó fa àga sún mọ́ ẹní. Nígbà tó tún yá, ó tú táì. Àwọn ọmọ tó ń wọn bàtà padà sídìí bébà wọn, wọ́n wá bèèrè ẹsẹ̀ rẹ̀, ó nà án fún wọn. Ọmọ oníwèé ìròyìn bi í nípa ìdìbò náà, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ẹjọ́ tí wọ́n pè lẹ́yìn rẹ̀.

Alága ò gbójú sókè. Ó yí bàtà òsì dojú bolẹ̀, ó ní kí ló dé tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Bàbá ní ẹ̀gbẹ́ yẹn lòun máa ń fara tì nígbà tí òun bá dúró níwájú adájọ́, tí ẹ̀rù bá ń ba òun. Ọmọ náà dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. "Ẹ̀rù máa ń bà yín?" Ó ní, "Lójoojúmọ́." Ọmọ náà ronú sí i. Ó wá pólíìṣì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo yí ojú sí ògiri. Omi ti dé ojú mi, n kò fẹ́ kí Agbófinró wá bá mi sọ òfin kankan.

Iṣẹ́ ò parí. Káàdì pupa. Lọ́yà wọ sálúbàtà wa, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ. Kò sọ pé ọmọ náà ń dúró lọ́dọ̀ wa. Kò sọ pé ó ń lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Ọ̀wàrà

Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́yà á pè wá lẹ́jọ́ ní dandan. Mo ní a ti gba bàtà rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ fi rìn dé kóòtù?

Ọjọ́ Àìkú, 26 Ọ̀wàrà

Ẹ̀gbọ́n mi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti fẹ́ gé apá aṣọ oníbàárà.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ọ̀wàrà

Lọ́yà àti Alága jọ wá. Ọ̀gá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ti há ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sórí láti ilé. Lọ́yà bọ́ bàtà — òmíràn tó ti gbó. Ó kí wa. Alága ti kọjá sídìí ẹní rẹ̀, ó gbé káàdì kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí bàtà ọ̀tún.

Bàbá rẹ̀ rìn dé etí ẹní, ó dúró, kò tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú aṣọ kóòtù. Ó ní, "Ṣé mo lè bá ọ ṣe é?"

Alága rò ó dáadáa. Ó ní, "Rárá. Ẹ lọ mú tiyín."

Ẹnu yà mí. Mo rò pé ilé ti dà wó. Ọkùnrin náà dìde, ó wo òfin kẹta lórí ògiri, ó mi orí. Agbófinró fi ibi tí ẹní wà hàn án, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tẹ́ ẹ láìjẹ́ kó ṣẹ́ po. Lọ́yà lọ sí yàrá àwọn ọmọ kékeré, ó gbé àwo kejì tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ tò síbẹ̀ láàárọ̀ wá. Ó dúró níwájú bàtà bí ẹni tó ń yan aṣọ. Ó mú ọ̀kan. Tèmi ni. Aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí mo fi oṣù mẹ́ta bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó tó fún mi. Ó ṣí agolo. Pólíìṣì dúdú. Ó ti ìka bọ̀ ọ́ —

Mo la ẹnu. Ìyá Má-Dá-Sí-i wò mí. Mo pa á dé.

Bàbá àti ọmọ, ẹní méjì, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Títí di ìgbà oúnjẹ, kò sẹ́ni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ò lè mú un mọ́ra mọ́. Obìnrin tí n kò rí kó dá sí nǹkan kan rí, ó lọ bá lọ́yà, ó rọra fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ilé ìwé òdìkejì títì yẹn ńkọ́?

Lọ́yà ò gbójú sókè. Ojú rẹ̀ wà nínú ihò okùn bàtà mi, pólíìṣì dúdú dé imú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ń ṣiṣẹ́."